Olùkọ́ Àgbẹ̀ Ń Dínkù L'óko: Ẹ̀yin Onígààrí Ojúwoyè, Ọ̀rọ̀ Yín Ni!

   Ọ̀rọ̀ kan ló gbé wa dé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wa létí díẹ̀.

Bí ẹ bá bi onígààrí kan l'ọ́jà Ojúwoyè pé kí ló mú gààrí wọ́n, ohun mẹ́ta ló máa kà fún yín: owó epo ọkọ̀, ọ̀nà tó bàjẹ́, àti àwọn tó ń gbowó lójú pópó. Kò purọ́. Gbogbo wa la rí i l'ọ́dún 2024 bí oúnjẹ ṣe gbówó lórí, tí èèyàn ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ní kí wọ́n wọn kóńgò gààrí kan fún òun. Ṣùgbọ́n ohun kẹrin wà tí a kì í sábà dárúkọ nínú ọjà. Ohun náà ni ọkùnrin tàbí obìnrin kan tó máa ń gun alùpùpù wọ abúlé, tó ń fi ọ̀nà tuntun han àgbẹ̀. Àwọn ará oko ń pè é ní àgíríìkì. Àwa á máa pè é ní olùkọ́ àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa yìí.

Olùkọ́ àgbẹ̀ yìí ló ń dínkù. Àwọn àgbà ń fẹ̀yìn tì, wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò wọn. Ẹni tó sì rò pé ọ̀rọ̀ oko nìyẹn, pé kò kan ará Muṣin, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn tó wà nínú kóńgò tó gbé kalẹ̀.

TA NI OLÙKỌ́ ÀGBẸ̀?

Olùkọ́ àgbẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń pín owó. Kì í ṣe olóṣèlú tó ń já àpò ajílẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè ya òun ní fọ́tò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó gbé ohun tí àwọn onímọ̀ rí nílé ìwádìí lọ bá àgbẹ̀ nínú oko, kó sì gbé ìṣòro àgbẹ̀ padà wá bá àwọn onímọ̀. Òun ni afárá tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí afárá bá já, onímọ̀ á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn, àgbẹ̀ á máa gbin ohun tí bàbá rẹ̀ gbìn, àìsàn tó ba oko bàbá jẹ́ á sì tún ba ti ọmọ jẹ́.

L'ọ́dún 1975 ni ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní ADP bẹ̀rẹ̀ l'Ókè Ọya, ní Funtua, Gusau àti Gombe. Owó tí ìjọba yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dé ilẹ̀ Yorùbá. Èkìtì-Àkókó àti Ọ̀yọ́ Àríwá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i lọ́dọ̀ wa, kó tó di pé gbogbo ìpínlẹ̀ ní tiwọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Ọjọ́ tí olùkọ́ àgbẹ̀ máa dé abúlé kọ̀ọ̀kan wà nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Àgbẹ̀ mọ ọjọ́ náà bí ẹ̀yin náà ṣe mọ ọjọ́ ọjà. Olùkọ́ náà ní ọjọ́ tirẹ̀ tó máa lọ jókòó níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, kó gba ẹ̀kọ́ tuntun kó tó padà sí abúlé. Bó bá yọ wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ rẹ̀, wọ́n á béèrè rẹ̀. Àbẹ̀wò tí kì í yẹ̀ yìí ni agbára iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àlejò ni, kì í ṣe olùkọ́.

AGÉGE WA NÍBÍ NI KÒKÓ TI GBILẸ̀

Ẹ má ṣe rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ fi irú iṣẹ́ yìí hàn wá. Ìtòsí wa níbí ló ti wáyé. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Muṣin, tó gba Agége Motor Road lọ tààrà, ibi tó ń lọ yẹn, oko kòkó ni nígbà kan. J.P.L. Davies dá oko kòkó sí Ìjàn, lẹ́bàá Agége, ní nǹkan bí ọdún 1880. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni Jacob Kẹ́hìndé Coker gbòde, oníṣòwò Èkó tó di àgbẹ̀, tó ní oko ńlá ní Ìfàkò. L'ọ́dún 1907, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Agege Planters' Union.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ ń ti òkè wá, láti àwọn ìlú Yorùbá tó jìn sí òkun, wọ́n wá ń ṣe lébìrà lóko Agége. Bí wọ́n ṣe ń gba owó iṣẹ́ ni ojú wọn ń mọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣa á, tí wọ́n ń sá a. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ padà sílé, wọ́n ń mú irúgbìn dání. Coker tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ African Church. Àwọn oníwàásù ìjọ náà ń lọ láti ìlú dé ìlú, Bíbélì lọ́wọ́ kan, kòkó lọ́wọ́ kejì. Báyìí ni kòkó ṣe ń rìn láti ẹnu dé ẹnu, láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ inú ilẹ̀ Yorùbá lọ.

Ẹ wo èrè rẹ̀. Owó kòkó ló wà lẹ́yìn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'óṣù kìíní ọdún 1955. Owó kòkó náà ló wà nídìí ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Cocoa House n'Íbàdàn. Àìmọye nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, orí kòkó ni àwọn òbí wọn ti ráyè lọ sílé-ìwé. Lébìrà tó ń gbé irúgbìn lọ sílé ní kọ̀rọ̀ àpò rẹ̀ kò mọ̀ pé ilé-ìwé lòun gbé lọ́wọ́ yẹn.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà náà, àwọn èèyàn dúdú ẹgbẹ́ wa ṣe irú rẹ̀. L'ọ́dún 1906, George Washington Carver, onímọ̀ tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, àti ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee tó ń kọ́ni, gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù kan jáde tí ìbaaka ń fà. Wọ́n kó ohun èlò oko, irúgbìn àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe wàrà sínú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e láti abúlé dé abúlé bá àwọn àgbẹ̀ tí kò lówó tí wọ́n lè fi wá sílé-ẹ̀kọ́. Kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní Jesup Wagon. Bí èèyàn ò bá lè wá bá ìwé, ìwé á lọ bá a nínú oko. Ọdún 1914 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fi òfin gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn.

KÒKÒRÒ FUNFUN TÓ FẸ́ GBA GÀÀRÍ LẸ́NU WA

Ẹ jẹ́ ká padà sórí gààrí. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan yọ sórí ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Congo. Ó kéré, ara rẹ̀ funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i lára. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Níbi tó bá bà sí, ó ń fa omi ara ewé mu. Ewé á ká kò, orí igi á rọ, ẹ̀gẹ́ abẹ́ ilẹ̀ kò ní ta. Kò dúró sí Congo. Ó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, kò sì pẹ́ tó fi wọ Nàìjíríà. Ẹ rò ó wò ná: bí ẹ̀gẹ́ bá tán, kí ni mẹ̀kúnnù Muṣin máa mu lọ́sàn-án? Kí ni ọmọ ilé-ìwé máa gbé dání lọ sí ilé-ìwé olùgbé?

N'Íbàdàn, ilé-ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní IITA. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Hans Herren, wà níbẹ̀ tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí kòkòrò yìí kò pa ẹ̀gẹ́ run nílùú tó ti wá? Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀tá rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n wá ọ̀tá náà lọ. L'ọ́dún 1981 wọ́n rí i ní ilẹ̀ Paraguay: agbọ́n bín-ín-tín kan ni, tí kò lè ta èèyàn, tó ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò funfun. Ọmọ agbọ́n á máa jẹ kòkòrò náà láti inú títí tó fi máa kú. L'ọ́dún 1981 kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ tú agbọ́n yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n fi ń da á sórí oko. Ó dé orílẹ̀-èdè bí 30 ní Áfíríkà. L'ọ́dún 1995, wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn ńlá ti World Food Prize nítorí iṣẹ́ yìí.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Agbọ́n kò lè bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ tó bá fọ́n oògùn kòkòrò sóko, ó pa agbọ́n tó wá gbà á. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa dé inú oko, tó máa ṣàlàyé, tó máa padà wá wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Onímọ̀ rí oògùn, àwọn èèyàn tó mọ ọ̀nà oko ló ń bá a gbé e dé ojú egbò.

Ẹlòmíì tún wà n'Íbàdàn nígbà náà, ọmọ ilẹ̀ Korea kan, Sang Ki Hahn. Ọdún 1971 ló dé. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló mú irú ẹ̀gẹ́ tuntun jáde tí àìsàn tó ń sọ ewé di ràkọ̀ràkọ̀ kò rí gbé ṣe, tó sì ń ta ju ti àtijọ́ lọ. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni TMS 30572. Ẹ̀gẹ́ kò dà bí àgbàdo arọ́ tí èèyàn ń padà lọ rà lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ kan á ge igi rẹ̀ fún aládùúgbò, aládùúgbò á ge é fún àna. Báyìí ló ṣe ń tàn. Inú àwọn ará Ìkirè dùn débi pé wọ́n fi ọkùnrin Korea yìí joyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 wá, Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo àgbáyé. Brazil tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ oúnjẹ àwọn baba ńlá wọn, ẹ̀yìn wa ni wọ́n wà.

ÀWỌN Ọ̀DỌ́ Ń KỌ́? KÍ LÓ LÉ WỌN L'ÓKO?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ló kù. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a wí lẹ́ẹ̀kan, ó dára, ṣùgbọ́n ó bí ọmọ tí a kò retí. Nígbà tó máa fi di ọdún 1960, ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà tán ò fẹ́ rí ọkọ́ àti àdá mọ́. Ó kó ẹrù, ó wọ lọ́rì, ó di Èkó. Yàrá Muṣin àti Sùúrùlérè kún. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rí i pé oko ń dá páro, ni wọ́n bá gbé ètò ìletò àgbẹ̀ jáde l'ọ́dún 1959, nígbà tí Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Àpẹẹrẹ ilẹ̀ Israel ni wọ́n wò. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n la ilẹ̀, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó ka ìwé wá síbẹ̀. Ìlọrà ní ọ̀kan. Ọdọ́gùnyàn, l'Ìkòròdú wa níbí, ní ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ló sá kúrò. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe gbogbo wọn. Igi rọ́bà àti ọ̀pẹ ń pẹ́ kí ó tó so, ebi kì í sì í dúró dè é. Owó tí wọ́n ná sórí ẹnì kan pọ̀, gbèsè sì ni lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n kó o kúrò láàárín àwọn ará ilé rẹ̀, ó wá ń wo ara rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń retí owó oṣù. Ètò tó dára lórí ìwé ni. Àmọ́ ó jọ aṣọ tí wọ́n rán láì wọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ mọ ohun tí mo ń wí.

L'ọ́dún 1969, Yunifásítì Ifẹ̀ gba ọ̀nà míì. Wọ́n lọ sí Ìsọyà àti àwọn abúlé tó yí i ká, lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀. Wọn ò kó ẹnikẹ́ni kúrò nílé bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó tó wà níbẹ̀ ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n fi irúgbìn àgbàdo tó dára kún un fún un, wọ́n gba àwọn obìnrin náà mọ́ra, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é lẹ́gbẹ́ lẹ́gbẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ju èyí lọ: ibi tí èèyàn wà ni kí ẹ ti bá a. Ẹ má kó o lọ síbi tí ẹ̀yin fẹ́.

Bí ẹ bá sì kọjá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó dé Àjàṣẹ́, tí àwọn ìwé ń pè ní Porto-Novo. Ibẹ̀ ni àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, ọmọ Nàìjíríà, Fadá Godfrey Nzamujo, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ oko Songhai sílẹ̀ l'ọ́dún 1985. Ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí kò ju hẹ́kítà kan lọ, àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé ti sú ló kó jọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ rọrùn láti lóye: kò sí ohun tó ń jẹ́ pàǹtí. Ìgbẹ́ adìẹ á di ohun tó ń bọ́ ẹja inú odò, á sì tún di gáàsì ìdáná. Èèpo á di ajílẹ̀. Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ á gbìn, á sìn, á tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di ọjà. Ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan ní Nàìjíríà ló ti wo àwòkọ́ṣe wọn. Èkó náà ní ètò Agric-YES nígbà ìṣèjọba Fáṣọlá, tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ẹ̀pẹ́.

OBÌNRIN LÓ Ń YAN GÀÀRÍ, ṢÙGBỌ́N ỌKÙNRIN NI WỌ́N Ń KỌ́

Ohun kan wà tó yẹ kó dun ẹ̀yin ìyá wa. Fún ọdún pípẹ́, ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àgbẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ń bó ẹ̀gẹ́, òun ló ń jọ̀ ọ́, òun ló ń yan án, òun ló ń rù ú lọ sọ́jà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni ADP tó wá dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin nídìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, tí àwọn obìnrin olùkọ́ fi ń lọ bá àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbẹ̀fẹ́. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírin tí wọ́n ń rin ín, kíkó sínú àpò kó kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, fífún omi rẹ̀ jáde, yíyan lórí iná, gbogbo wọn ló ń lé oró yẹn lọ. Ẹni tó bá kánjú, tó rin ín láàárọ̀ tó yan án lálẹ́, oró kù nínú ọjà rẹ̀. Èyí tí wọn ò bá fún dáadáa tàbí tí wọn ò yan gbẹ, kò ní pẹ́ hu nínú àpò. Ẹ̀yin tó ń tà á mọ̀ ọ́n: ẹ ra àpò gààrí, ẹ ṣí i lọ́jọ́ kẹta, òórùn ti yí padà, owó ti lọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ obìnrin oko bí wọ́n ṣe ń fún un gbẹ, tó ń kọ́ ọ ní àdògán tó ní ihò èéfín kí ojú rẹ̀ má baà fọ́, àpò owó yín ló ń ṣọ́ láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ tún gbọ́ èyí. L'ọ́dún 2011, Nàìjíríà gbé irú ẹ̀gẹ́ kan jáde tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí èròjà fítámì A tó ń ṣe ojú àti ara ọmọdé lóore wà nínú rẹ̀. Gààrí rẹ̀ pọ́n láìjẹ́ pé wọ́n fi epo pupa sí i. Ẹlòmíì á rí i l'ọ́jà, á ní àwọ̀ ni wọ́n pò mọ́ ọn. Bí olùkọ́ bá wà tó ń ṣàlàyé, ẹ̀yin náà á lè ṣàlàyé fún oníbàárà yín.

Ẹ̀YIN WẸ́DÀ ÀTI MẸKÁNÍÌKÌ, IPA TIYÍN RÈÉ

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ìyá oníṣòwò nìkan ni. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, òkúta ni wọ́n sì ń gbé lé àpò kí omi tó jáde. Lónìí ẹ̀rọ ló ń rin ín, jáàkì ọkọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ta ló ṣe ẹ̀rọ yẹn? Wẹ́dà ni. Ta ló ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe? Mẹkáníìkì ni. L'Óṣòdì níbí, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Muṣin, ilé-ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FIIRO ti wà láti ọdún 1956. Wọ́n ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè máa ṣe gààrí, wọ́n ṣe ògì tí wọ́n pò mọ́ sóyà kí ara ọmọdé lè le, wọ́n sì ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Abúlé tó ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, bó bá bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó á jẹrà. Ọmọ abúlé kan tó mọ wẹ́dà jíjó, tó mọ ẹ́ńjìnnì tú, kò ní wá sùn lábẹ́ afárá l'Ékòó. Iṣẹ́ wà fún un nílé. Ìdí nìyẹn tí ètò NDE tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ l'ọ́dún 1986 fi ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ láti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń gba ọmọ-iṣẹ́ láti ìlú yín, bí ẹ bá fún un ní fúrídọ̀ọ̀mù tán, ẹ bi í pé ṣé kò lè padà lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ pọ̀ sí tí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe.

KÍ LÓ WÁ BÀ Á JẸ́? KÍ LA LÈ ṢE?

Nígbà tí owó Báńkì Àgbáyé dáwọ́ dúró ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò fi tiwọn dí àlàfo náà. Alùpùpù bàjẹ́, kò sí owó epo. Àwọn onímọ̀ ní ó yẹ kí olùkọ́ kan máa bójú tó ìwọ̀nba àgbẹ̀, kó má ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹnì kan ló wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Báwo ló ṣe fẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì? Fóònù àti rédíò ń ràn wá lọ́wọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè fọwọ́ tú ewé ẹ̀gẹ́ wò.

Ohun tí àwa rò pé ẹ̀yin l'ọ́jà lè ṣe rèé. Èkíní, ẹgbẹ́ yín lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà ìbò, gbogbo olóṣèlú ló ń wá kí ìyálọ́jà. Bí wọ́n bá tún wá, ẹ má gba aṣọ àǹkárá nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: olùkọ́ àgbẹ̀ mélòó ni ìjọba yín gbà síṣẹ́? Alùpùpù wọn ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ tó ń bójú tó o, LSADA, tí ọ́fíìsì wọn wà l'Ókò-Ọba, Agége. Ẹ lọ bá wọn, ẹ ní kí wọ́n wá bá ẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀ l'ọ́jà.

Èkejì, ẹ̀yin gan-an, olùkọ́ ni yín. Ẹni tó ń kó gààrí wá fún yín láti oko, ẹ sọ irú èyí tí oníbàárà fẹ́ fún un: èyí tó gbẹ, èyí tó kúnná, èyí tó kan bíi ti Ìjẹ̀bú. Bó bá ṣe é dáadáa, ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ọmọ ìletò àgbẹ̀ ayé ọjọ́sí, bí ẹnì kan bá ti jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó máa ra ọjà wọn, bóyá ọ̀pọ̀ wọn ì bá dúró. Àgbẹ̀ tó mọ ẹni tó ń dúró de ọjà òun kì í fi oko sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ọmọ yín tó parí ìwé mẹ́wàá tí kò ríṣẹ́, ẹ má fi oko bú u. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹni tó ń sin ẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ fún gbogbo abúlé, ọ̀gá ara rẹ̀ ni.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwa kò gbàdúrà kí oko kọ́kọ́ jó ká tó ronú. Ìgbà tí kòkòrò funfun dé, àwọn èèyàn wà nílẹ̀ tí wọ́n lè gbé ìròyìn láti oko dé ilé ìwádìí, tí wọ́n sì lè gbé àtúnṣe padà. Bí òmíràn bá dé lọ́la, ta ló wà lójú ọ̀nà?

Ẹ̀yin tó bá ti rí olùkọ́ àgbẹ̀ nílùú yín rí, ẹ̀yin tó jẹ́ ọmọ ìletò àgbẹ̀ rí, ẹ̀yin tó ń kó gààrí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ sọ ohun tó kọ́ yín àti ibi tó kù sí. Ojú ìwé lẹ́tà wà fún yín, a ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.